Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Eré Ìtàn Wa ní Òkè-Fìà

Alẹ́ Sátidé kan ni Màmá Aláró bi mí ní ìbéèrè tí mi ò tíì gbàgbé. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, la wà, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Mo ti fa ilẹ̀kùn dé ìdajì, mo ti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa márààrún sì jókòó yí tábìlì ká. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀dá ìtàn tí Màmá ń ṣe, alájàpá kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní, ti wọ igbó pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn yòókù ń bá ẹranko jà, Àbẹ̀ní ń wò wọ́n. Wọ́n ń gun àpáta, Àbẹ̀ní dúró nísàlẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ẹnì kankan tó gbọ́ èdè nínú igbó yìí ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí èmi ni mo gbin igbó náà láti igi àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, gbogbo ohun tí mo sì fi síbẹ̀, eyín àti èékánná ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tí mò ń sọ, nítorí àwọn tí kò rí i rí. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, láti ara rẹ̀ sì ni gbogbo irú eré bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò ní pátákó bíi lúdò, kò ní ihò bíi ayò. Ẹnì kan ń pa ìtàn, àwa ń pe onítọ̀hún ní apààlọ́, àwọn yòókù sì ń jẹ́ èèyàn inú ìtàn náà. Apààlọ́ á ní, "Ẹ dé etí odò, afárá ti já, ẹnì kan ń ké ní òdì kejì. Kí lẹ ṣe?" Oníkálukú á sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ ṣe. Bí ohun náà bá le, dáìsì ló máa sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ tí nọ́ńbà mẹ́fà wà lórí rẹ̀: agbára, ìyára, ìfaradà, ìmọ̀, òye, àti ìwà tó ń fa èèyàn mọ́ra. Nọ́ńbà tó ga máa ń fi díẹ̀ kún ohun tí dáìsì bá gbé jáde, èyí tó kéré máa ń yọ díẹ̀ kúrò.

Nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ tó ni eré náà, Wizards of the Coast, gbé ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ síta lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo gán an pọ̀, mo sì fi Yorùbá kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ti gbó báyìí. Ó ṣì wà lábẹ́ káńtà.

Dáìsì ló kọ́kọ́ fún wa níṣòro. Olójú 20 ni eré náà ń lò jù, a sì wá a títí dé Ọjà Ọba, dáìsì lúdò olójú mẹ́fà nìkan la rí. A wá kó ìdérí ìgò mínírà ogún jọ, a fi bírò kọ 1 dé 20 sí inú wọn, a dà wọ́n sínú agolo mílíìkì ńlá kan. Ẹni tó bá kàn á di ojú, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á yọ ọ̀kan. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti dáìsì ń ṣe, bí èèyàn bá dá ìdérí padà. Ìyẹn la ò mọ̀ nígbà náà. Àbúrò mi obìnrin máa ń di ìdérí tirẹ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà tó bá ń ṣírò, ẹni tó tẹ̀ lé e á sì ti yọ tirẹ̀. Bí 20 bá wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ẹni yẹn ò lè rí 20 láéláé. Ìdérí kan nínú ogún jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá wà níta, gbogbo ìṣirò inú ìwé ti yí padà. Bọ̀dá Télọ̀ ló kíyè sí i. Látìgbà náà, kí a tó ka nọ́ńbà sókè, ìdérí á ti padà sínú agolo.

Àwa márùn-ún tí mo wí: èmi apààlọ́, Màmá Aláró, tó máa ń wá tẹ ìwé ẹgbẹ́ wọn lọ́dọ̀ mi kó tó di pé ó jókòó tì wá lọ́jọ́ kan tí kò sì dìde mọ́, Bọ̀dá Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi, àbúrò mi, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì, tó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo rò pé mo mọ ohun tí ìdọ́gba jẹ́, nítorí mo mọ ayò ta. Ihò 12 ni, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, 24 lọ́dọ̀ tìrẹ, 24 lọ́dọ̀ tèmi. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ jẹ, ọ̀ta ni. Ẹni tí wọ́n jẹ, ọ̀pẹ ni, kò sí àròyé. Mo ní bí mo bá ti lè fún gbogbo ẹ̀dá ní ọmọ ayò tó dọ́gba, ó parí.

Dáìsì la kọ́kọ́ fi yan nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ìwé ṣe wí ni: ju dáìsì lúdò mẹ́rin, yọ èyí tó kéré jù, ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Bí èèyàn bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí á máa rí kò ní jìnnà sí 12. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́fà péré ni èèyàn ń ṣe é fún ẹ̀dá kan. Àbúrò mi rí 17, 16 àti 15 lọ́wọ́ kan. Èyí tó ga jù lọ́wọ́ Bọ̀dá Télọ̀ jẹ́ 13. Ó mi orí, ó ní, "Orí tí mo rí yàn lọ́dọ̀ Àjàlá náà nìyí." Gbogbo wa mọ ìtàn Àjàlá tó ń mọ orí, àti bí èèyàn ṣe lè yan èyí tí iná kò jó dáadáa láì mọ̀. Òótọ́ inú ìtàn yẹn jinlẹ̀. Àmọ́ láti gbé irú orí bẹ́ẹ̀ wá sídìí eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ìyà ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Bọ̀dá Télọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ní kí a yí i padà. Àbúrò mi ni. Ẹ̀dá rẹ̀ mọ ohun gbogbo ṣe: ó lè jà, ó lè gun, ó lè sọ̀rọ̀, ó lè ka ìwé àtijọ́. Lẹ́yìn oṣù kan ó ní ó ti sú òun. "Bọ̀dá mi, mi ò nílò ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ni mo wá ń bá wọn rìn fún?" Mi ò rò ó rí pé ẹni tí nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́ lè wà lára àwọn tí àìdọ́gba ń dùn.

A wá lọ sí ọ̀nà kejì tí ìwé fi sílẹ̀, èyí tó dà bí ọjà. Gbogbo nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 8. Oníkálukú ní 27 láti ná. Láti 8 dé 13, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan. 14 àti 15, méjì méjì ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ 15 á san 9. Bí o bá fẹ́ ga níbì kan, o máa rẹlẹ̀ níbòmíì. Inú gbogbo wa dùn sí i. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, mo ní mo ti yanjú ọ̀rọ̀ ìdọ́gba.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bọ̀dá Télọ̀ ń fi gbogbo àkókò eré gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ́kùnrin yunifásítì wa yan oṣó. Bí ìtàn ṣe ń lọ, ẹ̀dá ń gòkè láti ipele dé ipele. Nígbà tí wọ́n dé ipele karùn-ún, oṣó rẹ̀ mọ ọfọ̀ tó ń ju ìṣù iná. Dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ ni iná náà ń jù, iye ẹ̀mí tó sì máa ń yọ nípíndọ́gba jẹ́ 28, lára gbogbo ẹni tó bá wà níbi tó balẹ̀ sí. Bọ̀dá Télọ̀ ń ṣe jagunjagun onídà. Ní ipele kan náà, ó lè ṣá èèyàn nídà lẹ́ẹ̀méjì bó bá ti kàn án. Bí méjèèjì bá wọlé, nǹkan bí 17 ni, lára ẹnì kan ṣoṣo. Ogun á bẹ̀rẹ̀, oṣó á ju iná, ó kù ẹnì kan tàbí méjì tó ń rá kòrò, jagunjagun á lọ pa wọ́n. Bọ̀dá Télọ̀ kò ṣàròyé. Ó kàn gbé abẹ́rẹ́ àti òwú wá ni.

Mo ṣe ohun tí mo rò pé ó yẹ kí apààlọ́ ṣe: mo gbé ìwé òfin, mo ní màá tún un ṣe. Mo dín dáìsì iná kù sí mẹ́fà. Inú ọ̀dọ́kùnrin náà bàjẹ́, nítorí ó ti fi ìṣirò mú ẹ̀dá rẹ̀ dé ibẹ̀ láti ipele kìíní. Mo fi kún idà jagunjagun. Àwọn ọ̀tá kéékèèké wá ń kú kí a tó mọ orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà mo ṣe èyí tí mo kábàámọ̀ jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀tá tí iná kì í jó wá. Ní Sátidé kejì irú rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà gbé pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi lẹ ń bá jà ni?" Mi ò rí èsì fún un. Òun ni mò ń bá jà lóòótọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn mo pinnu láti ka ìwé tí wọ́n ṣe fún apààlọ́ ní 2014 láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti fò gba orí rẹ̀ bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo bá gbólóhùn kan pàdé níbẹ̀ tí mo ti kà kọjá lọ rí. Ó ní ní ọjọ́ ìrìn kan, àwọn ẹ̀dá lè kojú ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ tó mọ níwọ̀n tàbí tó le díẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Mẹ́fà sí mẹ́jọ! Tiwa, ìjà kan ṣoṣo ni lọ́jọ́ kan. Ìdí rẹ̀ sì rọrùn débi pé ojú mi ò rí i: aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀ náà ò sì ju ìyẹn lọ. Aago mẹ́fà a bẹ̀rẹ̀, a ó ja ìjà kan, aago mẹ́jọ ààbọ̀ màá ní, "Ẹ pàgọ́, ẹ sùn, ilẹ̀ mọ́." Ní Sátidé tó ń bọ̀ gbogbo wọn á jí pẹ̀lú ara líle.

Ibẹ̀ ni àṣírí náà wà. Nínú òfin eré, oṣó ipele karùn-ún kò lè ju ìṣù iná ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láìsinmi, agbára rẹ̀ kì í sì padà pé àfi bó bá sùn oorun gidi. Idà jagunjagun kì í tán. Ẹ wò ó báyìí: jagunjagun ń gba owó ojúmọ́, oṣó ń gba owó oṣù. Owó oṣù pọ̀ ju owó ojúmọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá kà á síni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tó ọgbọ̀n ọjọ́ ná. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mò ń san owó oṣù fún oṣó ní àràárọ̀, mo sì ń bínú sí i pé ó ń ná an. Àṣìṣe tí mò ń wá kiri nínú ìwé òfin, ara aago ṣọ́ọ̀bù mi ló wà.

Mo dá dáìsì mẹ́jọ padà fún un. Mo mú ohun tí mo fi kún idà kúrò. Mo sọ fún wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, títì ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe oorun mọ́: ibi tí a bá dé lóru yìí, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọgbẹ́ lára àti ọfọ̀ tó bá ṣẹ́ kù. Mo ń ya fọ́tò ìwé gbogbo wọn kí wọ́n tó lọ. Ọjọ́ kan nínú ìtàn wá ń gba Sátidé mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, oṣó ju iná méjèèjì nínú ìjà àkọ́kọ́, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ní Sátidé kẹta, ọjọ́ náà kò tíì ṣú nínú ìtàn, ọfọ̀ kéékèèké nìkan ló kù sí i lẹ́nu, àwọn agbésùnmọ̀mí sì ti tọpa wọn dé ilé alámọ̀ kan lẹ́yìn odi ìlú. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bọ̀dá Télọ̀ gbé aṣọ oníbàárà sílẹ̀, ó dìde dúró nídìí tábìlì, ó ní, "Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó máa kọjá." Ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ọ̀dọ́kùnrin wa ló ń ka ẹ̀mí tó kù sára rẹ̀ sókè fún un, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbọ́ kí oṣó bi jagunjagun pé, "Bọ̀dá, ṣé kí n lò ó báyìí, àbí ẹ ṣì lè fara dà á?" Mi ò rí abẹ́rẹ́ àti òwú mọ́ lórí tábìlì yẹn títí di òní.

Mo yẹ kí n ti mọ èyí tipẹ́, nítorí ìtàn ìlú tí mò ń gbé ti sọ ọ́. Ní 1840, níbí ní Òṣogbo, ogun Ìbàdàn ṣẹ́ ogun Ìlọrin. Ẹlẹ́ṣin ni agbára Ìlọrin. Bí ẹ bá kọ àwọn ọmọ ogun méjèèjì sórí ìwé bíi ẹ̀dá eré, tí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ẹ ó ní kí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn má wulẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n orí pápá gbalasa ni ẹṣin ti ń jẹ́ ẹṣin. Àwọn Ìbàdàn yọ sí wọn lóru. Nọ́ńbà ẹṣin ò yí padà, ilẹ̀ àti wákàtí ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi kíá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀tá ńlá kan ṣoṣo, nítorí gbogbo apààlọ́ tuntun ló ń ṣe é. Mo gbé ẹbọra olórí mẹ́ta kan kalẹ̀, mo fún un ní ẹ̀mí tó pọ̀ bí iyanrìn, mo ní yóò dẹ́rù bà wọ́n. Ó kú kó tó lè ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdí ni pé èèyàn mẹ́rin ń ṣe nǹkan mẹ́rin kó tó kan òun lẹ́ẹ̀kan, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà. Mo bá fi kún agbára ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó lu ẹ̀dá àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pa á. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Láti ìgbà náà, ọ̀gá kì í wá láìní ẹmẹ̀wà.

Ó wá ku Màmá.

Nínú 27 tí mo fún un, Màmá ti san 9 fún ìwà tó ń fa èèyàn mọ́ra, ó tún ná púpọ̀ lórí òye. Ó fi agbára sí 8. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ó ní alájàpá tó bá ń jà, ọjà rẹ̀ á bàjẹ́. Owó tó ná dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo èèyàn, kò dín kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọjà tó ń ná an, mi ò sì ta ohun tó fẹ́ rà. Gbogbo Sátidé tí mo kọ igbó, ihò àpáta àti ẹranko, ṣe ni mò ń gba 9 yẹn lọ́wọ́ obìnrin tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo sì ń sọ ọ́ sódò. Kò sí òfin kankan nínú ìwé tó lè tún ìyẹn ṣe. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹni tó ń pìtàn ló ń sọ iye tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, ní gbogbo ìgbà tó bá ya ẹnu.

Mo fi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbéèrè Màmá rò ó. Mo ń rìn lọ sí ilé lọ́jọ́ kan ni ìtàn tí ọmọ Òṣogbo kò lè ṣe kó má mọ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ń wá omi, wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi náà wó sínú odò, ohùn kan sì ti inú omi jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Mo dúró lójú ọ̀nà. Igbó tó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀! Kí ni idà fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kí ni ìṣù iná fẹ́ jó nínú omi?

Ní Sátidé, mo jẹ́ kí jagunjagun gé igi láti fi ṣe afárá. Igi wó. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ta ló fọ́ ìkòkò mi?" Bọ̀dá Télọ̀ ti fẹ́ fa idà yọ. Ọ̀dọ́kùnrin wa ti ń wo ìwé rẹ̀. Màmá na ọwọ́, ó fi dá àwọn méjèèjì dúró, ó sì tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo agolo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," ló wí. "Ìkòkò mélòó ló fọ́?"

Mo ní mẹ́ta.

"Aró inú rẹ̀, ṣé èyí tó ti kan ni, àbí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ó ti kan. Màmá mí kanlẹ̀, bí ẹni tí tirẹ̀ gan-an dà nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá odò sọ̀rọ̀ bí aláró ṣe ń bá aláró sọ̀rọ̀: pé òun mọ ọjọ́ tó ń gbà kí ẹ̀lú tó kan, pé omi eérú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí he, pé àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn òun yìí yóò já ẹ̀lú, wọn yóò gún un, wọn yóò ṣù ú, wọn yóò sá a, wọn yóò sun igi tí wọ́n gé náà fún eérú rẹ̀, pé òun fúnra òun kò ní kúrò létí odò títí aró tuntun yóò fi gba aṣọ. Gbogbo wa ń wò ó. Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ló ń sọ.

Mo ti kọ 16 sílẹ̀ fún ohun tó gbọ́dọ̀ dé kí odò tó gbà. Pẹ̀lú 5 tí ìwé Àbẹ̀ní ń fi kún un, ó nílò ìdérí 11 ó kéré tán: ìdajì ìdajì ni. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí apààlọ́ jẹ́ kí èèyàn jù ú lẹ́ẹ̀mejì kó sì mú èyí tó pọ̀ jù, bí ohun tó ṣe bá yẹ bẹ́ẹ̀. Ìdajì yẹn á di mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo ní, "Màmá, ẹ yọ ẹ̀ẹ̀mejì." Ó yọ 4. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ó dá a padà, ó gbọn agolo, ó yọ 16.

Ariwo tí a pa lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́dẹ wá kan ilẹ̀kùn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ ẹ̀dá tuntun, ni pé mi ò jẹ́ kí ó dá kọ́ ọ nílé. Gbogbo wa la ń jókòó kọ́ ọ pọ̀, kí a tó sì kọ nọ́ńbà kankan, mo ń béèrè nǹkan méjì: kí ni ẹ̀dá yìí kò lè ṣe, ta ló sì jẹ ní gbèsè? Ohun tí ìwọ kò lè ṣe niṣẹ́ ẹlòmíì. Gbèsè ń fún mi ní ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Màá tún kọ ohun tí oníkálukú ná owó rẹ̀ lé jù sórí páálí kan tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí mo bá ń múra Sátidé sílẹ̀, mo ń wo páálí náà. Ẹni tí mi ò bá tíì rí ibi tí ohun tó rà máa wúlò, mi ò tíì múra tán.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn tó fẹ́ràn àtimáa ṣírò ẹ̀dá títí yóò fi mú bí abẹ ló ń ba eré jẹ́. Mi ò gbà. Ìfẹ́ eré ló ń jẹ́ kí èèyàn ka ìwé òfin di aago méjì òru. Nígbà tí ìtàn àkọ́kọ́ parí, ọ̀dọ́kùnrin wa sọ pé àwòrò lòun fẹ́ ṣe báyìí. Ó ti rí àdúrà kan tó ń fi dáìsì olójú mẹ́rin kún ohun tí èèyàn mẹ́ta bá yọ, nígbà tí wọ́n bá ń jà tàbí tí wọ́n bá ń gba ara wọn lọ́wọ́ ewu. Ó ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn rìsíìtì kan níwájú mi: 2.5 ni nípíndọ́gba, ìyẹn ìdá 12 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ìṣirò rẹ̀ ṣì mú. Ọwọ́ ẹlòmíì ni èrè rẹ̀ wá ń bọ́ sí.

Sátidé tó kọjá la kọ́ àwọn ẹ̀dá tuntun tán. Bọ̀dá Télọ̀ yan akéwì, ó ní òun ti dúró sí ẹnu ọ̀nà tó. Idà ò yá lọ́wọ́ ẹ̀dá rẹ̀, ó sì jẹ ìyàwó rẹ̀ lówó. Àbúrò mi yan ọdẹ tí kò mọ ìwé kà. Ó wá kan Màmá. Gbogbo wa rò pé yóò tún yan ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó fi 15 sí agbára.

Mo ní, "Màmá, kí ni kò lè ṣe?"

Ó ronú díẹ̀, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Kò lè parọ́," ló wí. "Bí ọ̀tá bá bi í, yóò sọ ọ́."

Bọ̀dá Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti rí iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá bá akéwì rẹ̀. Mo ní wọ́n dé ẹnubodè ìlú kan lóru, àwọn aṣọ́bodè bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀. Màmá ya ẹnu láti dáhùn, Bọ̀dá Télọ̀ sì ti sáré ki ọwọ́ bọ agolo.